Ẹ gbà mí o: ìbọn mi ò dún, mọ́tò John ò sì débì kan (Terminator 2)

Ṣọ́ọ̀bùÀgbowó

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù gémù kékeré kan l'Ágbowó, TV mẹ́ta, bẹ́ǹṣì méjì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀lù ni gbogbo wọn máa ń wá gbá níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi kan wà, ó ti lé lógójì ọdún, tó bá ti tibi iṣẹ́ dé á wá jókòó tì mí, kò ní gbá bọ́ọ̀lù o, ọ̀rọ̀ gémù Terminator 2 tó ní ìbọn lára ni ṣáá, pé òun gbá a nígbà kan tí bàbá wọn mú wọn lọ sí Èkó, pé kọ́ìnì tán lọ́wọ́ òun nígbà tí wọ́n ń sin mọ́tò kan lọ, pé títí dòní òun ò mọ ibi tí mọ́tò yẹn já sí. Ó ti sọ ọ́ fún mi tó ìgbà ogún. Mo wá ní ó dáa, jẹ́ n wá a fún un.

Ohun méjì ló ká mi mọ́ báyìí. Àkọ́kọ́, mo ra ìbọn gémù tòkunbọ̀ kan, ti PlayStation ayé àtijọ́, ẹni tó tà á fún mi fi Ọlọ́run búra pé ó ń ṣiṣẹ́. Mo so ó, mo na ìbọn sí flat screen mi, mo tẹ̀ ẹ́, kò dún. Mo sún mọ́ ọn, kò dún. Mo pa gílóòbù, kò dún. Mo gbé e padà, ọ̀gá yẹn wò mí lójú, ó ní TV mi ló bàjẹ́. TV táwọn ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù láti àárọ̀!

Èkejì, ọ̀rẹ́ mi kan bá mi fi ẹ́múlétọ̀ MAME (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbá gémù inú àpótí oníkọ́ìnì ayé àtijọ́) sórí láptọ́ọ̀pù, Terminator 2 náà ṣí lóòótọ́, àmọ́ máùsì ò ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀, bọ́tìnnì ọlọ́fà orí kíbọ́ọ̀dù ni mo fi ń gbé àmì ìbọn kiri bí ẹni ń ti ọmọláńke. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe rọ́ dé ibi mọ́tò John Connor, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni wọ́n fọ́ mọ́tò yẹn mọ́ mi lójú. Ọjọ́ ìbí ẹ̀gbọ́n mi ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

MáíkíràBọ̀ì

Haha, ẹni tó ta ìbọn fún ẹ gan-an ló yẹ kó o kọ́kọ́ na ìbọn sí. Bọ̀ọ̀dá mi, sé o mọ ohun tó o máa se? Lọ wá TV ẹlẹ́yìn ńlá ayé àtijọ́ yẹn, ó kún ilé àwọn ìyá àgbà láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, òdòdó oníke ni wọ́n ń gbé lé e lórí. Tó o bá fẹ́ kó o, máíkírà mi wà ńlẹ̀. Kò ní wọ búùtù o, iwájú ló máa jókòó, á sì san owó èèyàn méjì.

Akẹ́kọ̀ọ́Pólì

"Ṣé" ni, MáíkíràBọ̀ì, kì í ṣe "sé".

Ṣọ́ọ̀bùÀgbowó, ẹ má da ara yín láàmú. Ìbọn ìgbàlódé wà tí wọ́n ń pè ní Sinden, kámẹ́rà ló wà ní imú ẹ̀, ó máa ń fi ìlà funfun yí etí ojú TV ká, kámẹ́rà yẹn ló fi ń mọ ibi tẹ́ ẹ na ìbọn sí. Flat screen kò dí i lọ́wọ́. Tàbí kẹ́ ẹ wá Wii, rìmóòtù Wii náà ń ríran, iná infrared méjì tó wà lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbé sí iwájú TV ló ń wò. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi àbẹ́là méjì rọ́pò igi yẹn, ó sì ṣiṣẹ́.

MáíkíràBọ̀ì

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, jọ̀ọ́ fi ẹnu mi sílẹ̀ bó se wà.

ÌyáÌbejìBódìjà

Àbẹ́là kẹ̀? Nínú ṣọ́ọ̀bù onípákó tí ọmọ ọlọ́mọ kún inú ẹ̀? Rárá o.

BàbáFọ́lúùmù

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. TV ẹ ò bàjẹ́. Ìbọn yẹn náà lè má bàjẹ́. Àwọn méjèèjì ni wọn ò gbédè ara wọn. Wọ́n ti gbé irú ẹ̀ wá bá mi rí ní ìsọ̀ mi l'Ógùnpa, jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ kí ẹnikẹ́ni má tún gbowó lọ́wọ́ ẹ.

TV ẹlẹ́yìn ńlá yẹn, ìtànṣán kan ló wà nínú ẹ̀ tó ń fa àwòrán bí ẹni ń fi bírò kọ̀wé, láti apá òsì lókè lọ sí apá ọ̀tún, á bọ́ sí ìlà tó kàn, títí á fi délẹ̀, á tún gbéra láti òkè, ìgbà 50 tàbí 60 láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan. Ojú tiwa ò lè bá a, gbogbo ẹ̀ la máa ń rí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbọn yẹn bá a. Tó o bá tú u, dígí roboto kan wà lẹ́nu ẹ̀ bíi ti tọ́ọ̀ṣì kékeré, lẹ́yìn dígí yẹn ni ojú kan tí kò tó ẹyọ ẹ̀wà wà. Bó o bá ti tẹ̀ ẹ́, ojú yẹn á máa ṣọ́ ìgbà tí ìtànṣán máa gba iwájú ẹ̀ kọjá, ìgbà yẹn ló fi ń ṣírò pé hẹn-ẹ́n, ibi báyìí ni wọ́n na èmi sí.

Flat screen kò ní ìtànṣán tó ń rìn bẹ́ẹ̀. Iná ẹ̀yìn ẹ̀ tàn kalẹ̀ ni, ó tún máa ń dá àwòrán dúró díẹ̀ kó tó gbé e síta. Nítorí náà ìbọn ẹ ń dúró de àlejò tí kò ní wá. O lè pa gílóòbù gbogbo Àgbowó, kò ní dún.

Ṣọ́ọ̀bùÀgbowó

Háà. Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Ó wá di pé kí n lọ ra TV ẹlẹ́yìn ńlá nìyẹn?

ÌyáÌbejìBódìjà

Dúró ná, má tíì ná kọ́bọ̀. Ó yẹ ká mọ gémù tá à ń sọ, torí Terminator 2 pọ̀, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti máa ń ṣìnà.

Èyí tí ẹ̀gbọ́n yín gbá nínú àpótí l'Ékòó, Midway ló ṣe é lọ́dún 1991, ọdún tí fíìmù náà jáde. Midway yìí kan náà ló ṣe Mortal Kombat lọ́dún 1992, ẹ wo ojú àwọn èèyàn inú méjèèjì, èèyàn gidi ni wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ tí wọ́n gé sínú gémù, kì í ṣe yíyà lọ́wọ́. Ìgbà tó wá dé orí Sega àti Super Nintendo, T2: The Arcade Game ni wọ́n kọ sára káàdì ẹ̀. Èmi ni mo ní i nílé, ti Sega, bàbá mi ló rà á fún wa. Àmọ́ Terminator 2 mìíràn tún wà lórí Sega náà, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ lẹ ti ń wo Arnold tó ń fẹsẹ̀ rìn tó ń fò. Ìyẹn kọ́ o! Àbúrò mi ọkùnrin ra ìyẹn ní àṣìṣe, ọjọ́ méjì ló fi sunkún.

Ti ìbọn yìí, ẹ ò ní rí ara yín nínú ẹ̀ rárá, ojú yín ni kámẹ́rà. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń rìn, gémù ló ń gbé yín lọ. Ó dà bí ìgbà téèyàn jókòó sínú rélùwé tó ń bọ̀ láti Èkó sí Mọ́níyà, ẹ lè yọjú ní wíńdò ọ̀tún, ẹ lè yọjú ní tòsì, àmọ́ ẹ ò lè ní kí dírẹ́bà yà kúrò lójú irin torí ẹ rí ọ̀rẹ́ yín. Iṣẹ́ yín ò ju kẹ́ ẹ yìnbọn fún ohun tó bá yọjú.

BàbáFọ́lúùmù

Ìyá Ìbejì ti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ tán, ó ku ẹyọ kan. Ìbọn Terminator 2 inú àpótí yẹn kì í ṣe irú èyí tó o rà. Wọ́n kàn án mọ́ àpótí ni, kò ṣe é gbé kúrò, yíyí ló ń yí sọ́tùn-ún sósì, ó sì ń gbòkè gbodò. Fọ́lúùmù méjì ló wà nídìí ẹ̀, irú fọ́lúùmù ara rédíò gan-an. Ọ̀kan ń ka ọ̀tún òun òsì, ìkejì ń ka òkè òun ìsàlẹ̀. Ìbọn yẹn ò wo TV rárá. O lè fi ìró bo ojú TV pátápátá, á ṣì mọ ibi tó kọjú sí.

Ìdí nìyẹn tí èyí tó ti gbó nínú wọn fi máa ń ṣe wéré. Ẹ mọ bí rédíò ṣe máa ń ha gàràgàrà tí fọ́lúùmù ẹ̀ bá ti jẹ? Ohun kan náà ni, àmì ìbọn á kàn máa fò káàkiri ojú TV, àwọn èèyàn á ní gémù náà ni kò dáa.

Torí náà àbúrò, o ò nílò TV ẹlẹ́yìn ńlá, o ò sì nílò Sinden olówó gọbọi. Ohunkóhun tó bá lè sọ ọ̀tún, òsì, òkè, ìsàlẹ̀ fún kọ̀ǹpútà ló máa gbá gémù yìí. Máùsì gan-an tó.

MáíkíràBọ̀ì

Ẹ ti gba jọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi o, bàbá. TV ti fẹ́ wọkọ̀.

Kọ̀ǹpútàSángo

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ mi. Kẹ́ ẹ tó bi mí, mi ò ní sọ ibi tí wọ́n ti ń rí fáìlì gémù o, gémù ṣì ní olówó ẹ̀. Ẹni tó bá ti ní i ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá Àgbowó, máùsì yín ò bàjẹ́, MAME ni kì í fi máùsì ṣe nǹkan kan àyàfi tẹ́ ẹ bá sọ fún un. Ẹ wá fáìlì tó ń jẹ́ mame.ini, ẹ fi Notepad ṣí i, ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ mouse sí, 0 lẹ máa bá níwájú ẹ̀, ẹ sọ ọ́ di 1, ẹ sévù. Ó tán. Fáìlì gémù náà, term2.zip, ẹ má tú síìpù ẹ̀ o, bó ṣe wà lẹ máa sọ ọ́ sínú fódà roms. Mo ti rí ẹni tó tú u tó wá ń bú MAME.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí torí ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti máa ń sọ pé kò ṣiṣẹ́. Bí fọ́lúùmù ìbọn ṣe rí tí bàbá sọ yẹn, gémù náà ò mọ ibi tí òkè òun ìsàlẹ̀ ìbọn yín pin sí, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Ẹ tẹ F2, ó máa gbé yín lọ sí ojú ibi tí ọ̀gá tó ni àpótí máa ń ti tún un ṣe, ẹ wá calibration ìbọn níbẹ̀, ẹ tẹ̀ lé ohun tó bá ní kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa ṣe é, MAME máa tọ́jú ẹ̀ sínú fódà nvram. ÀMỌ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá jáde lọ́nà tó tọ́ ló ń tọ́jú ẹ̀, ẹ tẹ Esc kẹ́ ẹ jáde. Tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù tí bátìrì ẹ̀ ti kú, tó jẹ́ pé ojú iná ló ń gbé, tí NEPA wá mú iná lọ láàárín, ẹ máa tún gbogbo ẹ̀ ṣe ni. Mo mọ̀ ọ́n torí ó ti ṣe mí lẹ́ẹ̀mẹta.

5 ni kọ́ìnì, 1 ni ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni kejì, 6 ni kọ́ìnì tiẹ̀, 2 ni ìbẹ̀rẹ̀. Tí máùsì bá ń sáré jù tàbí tó ń wọ́lẹ̀ bí ìgbín, ẹ tẹ Tab, ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ analog sí, ẹ dín sensitivity kù tàbí kẹ́ ẹ fi kún un. Inú Tab yẹn náà lẹ ti máa yan bọ́tìnnì tó máa yin rọ́kẹ́ẹ̀tì, torí tèmi ò dáhùn sí apá ọ̀tún máùsì títí mo fi yàn án fúnra mi.

Ṣọ́ọ̀bùÀgbowó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ṢIṢẸ́! Máùsì ń lọ wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútàSángo, ẹ máa gbó ẹ máa tọ́. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ méjì tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù fún wákàtí kan.

Àmọ́ mọ́tò John ò tíì kọjá o. Mo ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹfà pẹ̀lú máùsì. Wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n ń dá mi padà. Àwọn bààlúù yẹn ò jẹ́ n mí.

ÌyáÌbejìBódìjà

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Ibi mọ́tò yẹn ló lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nídìí gémù yẹn, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, èmi àti àbúrò mi fi odindi ìsinmi ọdún kan jà níbẹ̀.

Ohun tó ń pa yín ni pé ẹ rò pé ara yín lẹ̀ ń gbà là. Gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti gbá kọjá, ara yín lẹ̀ ń gbà là lóòótọ́. Tẹ́ ẹ bá dé ibi mọ́tò, ọ̀rọ̀ ti yí, ẹ lè má farapa rárá kí mọ́tò sì fọ́, ó parí nìyẹn. Ojú yín gbọ́dọ̀ wà lára ohun tó ń dojú kọ mọ́tò, ẹ jẹ́ kí èyí tó ń yìnbọn fún yín máa yìn. Ó máa dùn yín, àmọ́ ẹ fi í sílẹ̀.

Ìyẹn tán. Ojú ọ̀run. Bààlúù HK yẹn (Hunter-Killer, bààlúù àwọn ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn jagun) ni ọ̀tá gidi, tó bá ti yọ díẹ̀ lókè, kó tó dé orí mọ́tò, rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ má dúró kó sún mọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe sì rèé: wọ́n ti ná rọ́kẹ́ẹ̀tì tán sórí àwọn egungun irin kéékèèké lójú ogun ìbẹ̀rẹ̀, tí ìbọn lásán tó láti pa. Wọ́n á wá dé ibi mọ́tò lọ́wọ́ òfo. Àwa, a ṣòfin fún ara wa nílé pé ẹni tó bá yin rọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣáájú mọ́tò ló máa fọ abọ́ alẹ́. Rọ́kẹ́ẹ̀tì pọ̀ lọ́wọ́ wa!

Èyí tó kẹ́yìn, ìbọn yín ń rẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ìlà agbára ìbọn lójú TV, tẹ́ ẹ bá di ọwọ́ mọ́ ọn láìtú u sílẹ̀, ìlà yẹn á máa wálẹ̀, ìbọn tó ń dún ràràrà á wá máa dún kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wúkọ́. Ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀ díẹ̀, á padà bọ̀ sípò. Ẹ yìn ín, ẹ sinmi, ẹ yìn ín, ẹ sinmi. Bí ìgbà téèyàn ń gún iyán, ọmọ odó kì í dúró sókè kì í dúró sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Pólì

Ẹ̀yin màmá, mo gbà pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ àyàfi ti ìsinmi yẹn. Ìbọn lọ́fẹ̀ẹ́ ni, ọta ẹ̀ kì í tán, ẹ ẹ̀ wá ní kéèyàn máa sinmi nígbà tí nǹkan mẹ́ta ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Èmi kì í tú ọwọ́ sílẹ̀.

ÌyáÌbejìBódìjà

Ṣé o ti kọjá ibi mọ́tò?

Akẹ́kọ̀ọ́Pólì

…Ó ku díẹ̀.

ÌyáÌbejìBódìjà

Ó ku díẹ̀ náà nìyẹn, ọmọ mi.

MáíkíràBọ̀ì

Haha, wọ́n ti sin mọ́tò ẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí kò bá wo fíìmù yẹn, sé ó lè yé e? Mo mọ Arnold, mo mọ jígí dúdú ojú ẹ̀, mi ò mọ ta ni John.

Kọ̀ǹpútàSángo

Ó máa yé yín. Fíìmù àkọ́kọ́, 1984, James Cameron ló ṣe é, Arnold ni ọ̀tá níbẹ̀, rọ́bọ́ọ̀tì tí wọ́n rán láti ọjọ́ iwájú wá pa Sarah Connor kó má baà bí ọmọ ẹ̀, John, torí John yìí ló máa di olórí àwọn èèyàn tó ń bá ẹ̀rọ jagun. Ìkejì, 1991, Arnold padà wá, àmọ́ lẹ́yìn John ló wà báyìí. T-1000 ni wọ́n rán wá pa ọmọ náà, èyí tó ń yọ́ bí omi irin, Robert Patrick ló ṣe é. Nínú fíìmù yẹn, ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 1997 ni Skynet, kọ̀ǹpútà tó ń darí àwọn ẹ̀rọ yẹn, sọ bọ́ǹbù sórí ayé. Mo rántí pé mo wo kàlẹ́ńdà lọ́jọ́ yẹn gan-an, ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ni mí, ẹ̀rù bà mí díẹ̀, mo ṣì jẹ àmàlà.

Nínú gémù, ẹ̀yin fúnra yín ni rọ́bọ́ọ̀tì Arnold tí àwọn èèyàn ti mú tí wọ́n yí orí ẹ̀ padà. Ọdún 2029 lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ìjà, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fọ́ Skynet ni wọ́n máa tó rán yín padà sẹ́yìn lọ bá John ọmọdé.

BàbáFọ́lúùmù

Àbúrò Àgbowó, mo ti ń ro ọ̀rọ̀ ẹ láti àná. Máùsì dáa, àmọ́ ẹni tó di ìbọn mú nígbà tó wà lọ́mọdé, máùsì ò lè tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ṣé o ní pádì USB tó ti bàjẹ́? Èyí tí bọ́tìnnì ẹ̀ kan ti kú ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà ṣì mọ̀ ọ́n.

Ọ̀pá kékeré tí àtàǹpàkò ń yí lára pádì yẹn, tó o bá tú u, fọ́lúùmù méjì lo máa bá nídìí ẹ̀, kékeré, 10k ni èyí tí mo sábà máa ń bá. Ohun kan náà tó wà nídìí ìbọn Terminator 2! Tú méjèèjì kúrò, fa wáyà mẹ́ta mẹ́ta jáde láti ojú ibi tí wọ́n wà, lẹ́ fọ́lúùmù ńlá tó jẹ́ 10k náà sí wáyà yẹn. Kí káfíńtà gbẹ́ igi bí ìbọn, ọ̀kan nínú fọ́lúùmù á wà lábẹ́ ibi tó ti ń yí, ìkejì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti ń gbòkè gbodò. Bọ́tìnnì méjì tó ṣẹ́ kù lára pádì, gbé ọ̀kan sí ìka ìbọn, gbé ìkejì sí ẹ̀gbẹ́ fún rọ́kẹ́ẹ̀tì. Má fi sípíríǹgì sí i rárá, ibi tó o bá fi í sí ni kó dúró sí.

Kọ̀ǹpútàSángo

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe é tán, ẹ padà sínú mame.ini, ẹ wá joystick_deadzone, ẹ sọ ọ́ di 0. Tẹ́ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí ìbọn bá dé àárín TV, ó máa kọ́kọ́ dúró gbagidi bí ẹni pé nǹkan gbá a mú, lẹ́yìn náà ló máa wá fò. Ẹ tún calibration ṣe.

Ṣọ́ọ̀bùÀgbowó

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó padà wá. Ẹ jẹ́ n ròyìn.

Mo gbé pádì lọ bá bàbá l'Ógùnpa. Ẹ̀yin ará, bàbá ò gbà ju owó fọ́lúùmù lọ́wọ́ mi. Wọ́n jó wáyà yẹn síbẹ̀ lójú mi, wọ́n so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù wọn, wọ́n yí fọ́lúùmù kan báyìí, àmì lójú TV lọ sọ́tùn-ún. Mo pariwo. Káfíńtà àdúgbò wa fi igi mànṣóníà gbẹ́ ìbọn, ó wúwo bí ọmọ odó, ó tún fi fáníìṣì kùn ún, ó ní iṣẹ́ òun kì í jáde láìdán. Bẹ́ǹṣì la kàn án mọ́.

Ọjọ́ ìbí pé. Ẹ̀gbọ́n mi dé, mo ní kó jókòó, mo ṣí aṣọ lórí ìbọn. Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn fọwọ́ pa á lórí bí ẹni pa ewúrẹ́ lórí, ó wá ní "kọ́ìnì dà?" Mo tẹ 5.

Èmi mú máùsì, òun mú ìbọn. Òfin Ìyá Ìbejì la lò, kò sẹ́ni tó yin rọ́kẹ́ẹ̀tì. A dé ibi mọ́tò, a pín ojú ọ̀run sí méjì, òun lọ́tùn-ún, èmi lósì, tí HK bá ti yọ ẹni tó ni apá yẹn á pariwo "tèmi!" Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n fọ́ ọ. Ìgbà kejì, ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mọ́ ìbọn láìtú u, ìbọn ń wúkọ́, wọ́n fọ́ ọ. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ sinmi ọwọ́. Ìgbà kẹta, ó kù díẹ̀ káàtó. Ìgbà kẹrin, mọ́tò yẹn wọlé. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ti fi pádì sílẹ̀, gbogbo wọn ti dúró sẹ́yìn wa, ariwo tí wọ́n pa, ìyá oní-bọ́ọ̀lì òdìkejì sá wá wò ó bóyá iná ń jó.

A fọ́ Skynet, a padà sẹ́yìn, a wọ Cyberdyne, ilé iṣẹ́ tó ṣe Skynet. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, mo ní ínfátà fún láptọ́ọ̀pù àti TV kan, ọpẹ́ ni. Ibi ilé irin tó kẹ́yìn yẹn, T-1000 ń bọ̀ wá bá John, ẹ gbọ́dọ̀ máa yìn ín títí kó máa fẹ̀yìn rìn lọ síbi irin tó ń hó, tẹ́ ẹ bá dẹwọ́ ó tún ń bọ̀. Òógùn ń kán sórí mànṣóníà. Ó já sínú ẹ̀.

Ìṣòro wá dé o. Gémù parí, àmọ́ ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ò ba gbogbo nǹkan Cyberdyne jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ìyẹn ò ní orúkọ, pé a ò tíì ṣe nǹkan kan. Ta ló mọ ohun tá a fi sílẹ̀?

ÌyáÌbejìBódìjà

Ẹ kú oríire o jàre! Mo ń rẹ́rìn-ín nìkan nídìí fóònù, àwọn ìbejì ń wò mí.

Òótọ́ lẹ̀gbọ́n yín sọ, òpin gémù yẹn ju ọ̀kan lọ, bẹ́ ẹ bá gba John là tẹ́ ẹ sì fọ́ gbogbo ohun èlò Cyberdyne ni ẹ tó rí èyí tó dáa jù. Àwọn tó ń yìnbọn fún yín níbẹ̀ lẹ ń wò, àbí? Èèyàn máa ń gbàgbé pé ilé yẹn lẹ wá fọ́. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì, dígí, àpótí, gbogbo ohun tó bá ti lè fọ́, ẹ fọ́ ọ, kí ẹnì kan máa ṣọ́ àwọn ọlọ́pàá, kí ẹnì kejì máa ba ilé jẹ́ nìkan. Ẹ fún ẹ̀gbọ́n yín ní ti ilé. Ó jọ pé ó ti pẹ́ tó ti ń bínú.

Ṣọ́ọ̀bùÀgbowó

Ó ní Sátidé lòun ń bọ̀. Ó ní kí n má gbà fún ẹnikẹ́ni láti fọwọ́ kan ìbọn òun títí dìgbà yẹn. Ìbọn òun!

MáíkíràBọ̀ì

Sátidé aago mélòó? Mo lè já pásẹ́ńjà s'Ágbowó ńgbà yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́Pólì

Èmi náà ń bọ̀. Mo ti ń sinmi ọwọ́ báyìí, ẹ̀yin màmá.